Aṣọ ṣẹ́dà ìyá mi ti pọ́n: báwo la ṣe ń pa irú rẹ̀ láró nílé?

Àṣàkẹ́_Àjàṣẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá. Ìyá mi fi bùbá àti ìró ṣẹ́dà kan sílẹ̀ nínú àpótí. Funfun ni nígbà tí wọ́n rà á. Ní báyìí ó ti pọ́n bí ìyeyè, abẹ́ apá bùbá ti ṣá, epo pupa sì ta sí ìró níwájú. Ọdún ìrántí wọn ń bọ̀, àwa ọmọ sì ti fẹnu kò sí pupa tó jinlẹ̀ bí àlàárì. Mi ò fẹ́ ra tuntun nígbà tí aṣọ wọn wà níbẹ̀. Aládùúgbò wa kan ní kí n gbé e fún àwọn tó ń pa kànńpálà. Ẹlòmíràn ní kí n ra aró oníyẹ̀fun ní ọjà Wàńdó, kí n da sódà sí i, kí n sè é kó hó dáadáa. Ọkàn mi ò gbà á. Ta ló mọ̀ ọ́n ṣe?

Ìyá_Aláró_Kétu

Ọmọ mi, Ọlọ́run á tẹ́ ìyá rẹ sí afẹ́fẹ́ rere. O ṣeun tí o béèrè kí o tó dáná. Má da sódà sí i o, jọ̀ọ́.

Inú iṣẹ́ aró la bí mi sí ní Kétu níbí. Èlú ni ìyá mi ń rẹ, èmi ń pa kànńpálà. Òwú la sì mọ̀ jù. Òwú kì í bẹ̀rù omi eérú, kì í bẹ̀rù sódà kọ́sítíìkì, o lè sè é kó hó yàà, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ṣẹ́dà kò rí bẹ́ẹ̀. Ara kòkòrò ló ti jáde, irun ni ìbátan rẹ̀. Ohunkóhun tó bá lè jẹ irun orí èèyàn á jẹ ṣẹ́dà. Sódà tí àwa fi ń pa kànńpálà, bó bá gbóná, á yọ́ ṣẹ́dà mọ́ ọ lọ́wọ́. Bí kò bá tiẹ̀ yọ́, dídán rẹ̀ á lọ, aṣọ á wá le gbagidi. Bí wọ́n bá gbé ṣẹ́dà wá fún mi láti pa pọ̀ mọ́ òwú, ńṣe ni mo máa ń dá a padà, bó ti wù kí owó náà pọ̀ tó.

Sìkírá_Kútọ̀nù

Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá. Èmi rò pé kó kọ́kọ́ fi jafẹ́ẹ̀lì (blíìṣì) bó o, kó lè padà sí funfun, kí àwọ̀ tuntun tó wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe jíǹsì.

Tísà_Kẹ́míísì

Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Lórí jíǹsì ó dáa, torí òwú ni jíǹsì. Lórí ṣẹ́dà, jafẹ́ẹ̀lì burú gan-an. Òwú á funfun nínú rẹ̀, àmọ́ ńṣe ni ṣẹ́dà á tún pọ́n sí i, á rọ̀, á sì jẹrà. Bí omi jafẹ́ẹ̀lì bá le, ó lè tú ṣẹ́dà ká pátápátá. Ohun kan tún wà tó ju ọ̀ràn aṣọ lọ: fínẹ́gà la máa lò níwájú. Bí fínẹ́gà bá pàdé jafẹ́ẹ̀lì, gáàsì kílórínì ló ń jáde, gáàsì náà sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Kí àwọn méjèèjì má wà nínú báàfù kan náà láé.

Àṣàkẹ́, pípọ́n yẹn ò ní dí ọ lọ́wọ́ rárá, torí pupa lo fẹ́. Ká ní búlúù lo fẹ́ ni, pípọ́n ìsàlẹ̀ ì bá ti fà á sí àwọ̀ ewé díẹ̀. Àwọ̀ tuntun kì í pa ti ìsàlẹ̀ rẹ́, orí rẹ̀ ló ń jókòó sí.

Ẹ jẹ́ n fi ìdí kan ti ọ̀rọ̀ màmá Kétu lẹ́yìn. Ara ewéko ni òwú, prótéènì ni ṣẹ́dà. Fibroin lorúkọ prótéènì náà. Inú omi tó kan díẹ̀, tó sì gbóná, ni prótéènì ti ń di aró mú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní irú aró kan fún irun àgùntàn, ṣẹ́dà àti nílọ́ọ̀nù, tí àwọn tó ń tà á ní èdè Faransé ń pè ní colorant acide, ìyẹn aró ásíìdì. Fínẹ́gà inú ilé ìdáná tó o láti jẹ́ kíkan rẹ̀. Bí o ò bá rí i, àwọn aró inú páálí bíi Rit náà máa ń mú ṣẹ́dà bí a bá fi fínẹ́gà sí i. Aró tí wọ́n ń wọ̀n sínú ọ̀rá lọ́jà fún kànńpálà kọ́ ni wá, torí sódà àti háídírọ̀ (kẹ́míkà tí àwọn oníkànńpálà ń pò mọ́ ọn) ni ìyẹn ń bá ṣiṣẹ́.

Télọ̀_Wàńdó

Ẹ dúró ná. Kí ẹnikẹ́ni tó ra aró, ṣé ẹ ti mọ̀ pé ṣẹ́dà ni? Ẹ má bínú o, tántì. Iṣẹ́ ìránṣọ ni mo ń ṣe, nínú ohun tí wọ́n ń gbé wá fún mi pẹ̀lú orúkọ sílíkì, púpọ̀ ló jẹ́ pólísítà tí wọ́n hun kó máa dán. Sátẹ́ẹ̀nì kì í ṣe irú òwú kan, bí wọ́n ṣe hun ún ni. O lè fi ṣẹ́dà hun sátẹ́ẹ̀nì, o sì lè fi pólísítà hun ún. Fínẹ́gà àti aró ásíìdì yín ò sì ní mú pólísítà láé.

Ẹ fa òwú tín-ín-rín kan yọ láti ojú rírán nínú, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ní rí. Ẹ fi ẹ̀mú mú un, ẹ gbé àwo omi sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá fi iná àbẹ́là kàn án. Bó bá jẹ́ ṣẹ́dà, á ká kúrò lójú iná, á máa jó díẹ̀díẹ̀, òórùn irun tó jóná lẹ máa gbọ́. Bí ẹ bá mú iná kúrò, òun fúnra rẹ̀ sábà máa ń kú. Eérú rẹ̀ dúdú, bí ẹ bá fi ìka méjì rin ín á di lúbúlúbú. Pólísítà ń yọ́ ni, èéfín rẹ̀ dúdú, ohun tó kù níbẹ̀ á le bí ìlẹ̀kẹ̀, ìka ò sì ní lè fọ́ ọ. Bó bá jó kíákíá bíi bébà, tí òórùn rẹ̀ náà jọ ti bébà, òwú tàbí fískósì (aṣọ tí wọ́n fi igi ṣe) ni.

Kí ẹ mú òwú láti ibi gbogbo, bùbá, ìró, aṣọ inú, gèlè. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ nǹkan kan náà.

Àṣàkẹ́_Àjàṣẹ́

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ṣe é. Bùbá àti ìró, òórùn irun ló ń rùn, eérú rẹ̀ sì fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ aṣọ tí wọ́n fi ṣe inú bùbá yọ́, ó di kóró dúdú. Bákan náà ni gèlè. Ṣẹ́dà ni tiwọn lóòótọ́, inú mi dùn débi pé mo pe àwọn àbúrò mi. Wàyí o, kí n ṣe báwo?

Tísà_Kẹ́míísì

Ó dáa. Yọ gèlè kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Aró ti pólísítà yàtọ̀, iná rẹ̀ sì ga ju ti inú ilé lọ. Nílé iṣẹ́ wọ́n ń gbé e dé nǹkan bí 130 ìwọ̀n Celsius nínú ìkòkò tí wọ́n dé pa. Ra gèlè mìíràn.

Ìwẹ̀ ni àkọ́kọ́. Ibi tí ọ̀rá bá wà, aró ò ní wọ ibẹ̀, ojú ibẹ̀ á sì hàn ketekete. Da pọ́dà sójú epo yẹn kó sùn, kó fa ọ̀rá, gbọ̀n ọ́n dànù, kí o wá fi ṣampú fọ gbogbo rẹ̀ nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Má fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, eérú ló wà nínú rẹ̀. Má fún un lọ́rùn, má sì rin ín mọ́ra. Ó ṣeé ṣe kí ojú epo yẹn má lọ tán. Pupa tó jinlẹ̀ á bo èyí tó kù.

Wọn aṣọ náà nígbà tó gbẹ, torí ìwúwo rẹ̀ lo fi máa mọ iye aró. Ká ní bùbá àti ìró jọ jẹ́ 400 giramu. Fún pupa jíjinlẹ̀, 3 giramu aró sí 100 giramu aṣọ dáa, ìyẹn 12 giramu. Fún àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, 1 giramu sí 100 ti tó. Dúdú ló ń jẹ aró jù, 4 giramu tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi tí o máa lò á tó lítà 12, kí aṣọ ráyè rìn. Ìkòkò kékeré tí aṣọ ká jọ sí ló ń mú kí àwọ̀ ṣe tótòtó.

Kọ́kọ́ rẹ aṣọ sínú omi lásán fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ṣẹ́dà gbígbẹ tí wọ́n jù sínú aró, apá kan á mu yó, apá kan ò ní rí mu. Po ìyẹ̀fun aró pẹ̀lú omi gbígbóná díẹ̀ nínú kọ́ọ̀pù, sẹ́ ẹ, kó má ní kókó, kí o tó dà á sínú ìkòkò. Bo imú àti ẹnu nígbà tí o bá ń pò ó, ìyẹ̀fun yẹn kì í ṣe ohun fífà símú.

Gbé aṣọ sí i nígbà tí omi bá ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Máa rò ó pẹ̀lú ọ̀pá tó dán. Jẹ́ kí iná máa gùn ún díẹ̀díẹ̀. Fínẹ́gà tí o máa lò jẹ́ ṣíbí ìjẹun kan sí lítà omi kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n pín in sí méjì: da ìdajì nígbà tí aṣọ bá ti rìn káàkiri inú aró, da ìyókù nígbà tí omi bá gbóná dáadáa. Bí o bá da gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ibi tí aró bá kọ́kọ́ kàn ló máa gbé gbogbo rẹ̀ mì. Fa aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí o tó da fínẹ́gà, má dà á lé aṣọ lórí.

85 ìwọ̀n Celsius ni góńgó rẹ, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kò gbọ́dọ̀ hó. Bó bá hó, dídán ṣẹ́dà á bàjẹ́, aṣọ á sì máa ká jọ. Ohun tó máa dùn mọ́ ọ níbẹ̀ ni pé omi pupa yẹn á máa mọ́ lójú rẹ. Bí o bá fi ṣíbí funfun bu ú, tí o rí ìsàlẹ̀ ṣíbí kedere, aró ti wọ aṣọ lọ nìyẹn. Bí omi bá ṣì pupa lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, fi fínẹ́gà díẹ̀ kún un.

Pa iná. Má fa aṣọ yọ síta lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, jẹ́ kó tutù nínú omi náà. Omi tútù tí ó bá bá ṣẹ́dà gbígbóná lójijì ń mú kó hunjọ.

Ìyá_Aláró_Kétu

Tísà, o káre. Mo ní ọ̀rọ̀ lórí ìkòkò àti iná, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́.

Àṣàkẹ́, ìkòkò tí gbogbo wa fi ń se ọbẹ̀ yìí, èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń yọ́ alúmíníọ̀mù rọ, kì í ṣe èyí tí o máa lò. Fínẹ́gà á máa jẹ ẹ́, á sì yí àwọ̀ rẹ padà. Wá irin tí kì í dípẹtà, tàbí abọ́ tánganran tí kò tíì bó. Bí tánganran bá ti bó, irin inú rẹ̀ á máa mú àwọ̀ ṣókùnkùn. Ìkòkò tí aró bá sì ti wọ̀, kò tún gbọ́dọ̀ padà sídìí ọbẹ̀ mọ́.

Omi òjò ni mo fẹ́ràn jù. Omi kànga ibòmíràn ní ìpẹtà nínú, wàá rí i lára garawa.

Iná èédú kì í gbọ́ràn bíi gáàsì. Kó èédú rẹ jọ, jẹ́ kó pọ́n, kí o wá fa díẹ̀ síta kí o tó gbé ìkòkò lé e. Bí o ò bá ní tẹmọ́mítà, tẹjú mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Wàá rí ìfóófòó wẹ́wẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, kan á máa já gòkè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ooru á máa jáde lójú omi, àmọ́ ojú omi ò ní rú. Ibẹ̀ ni kó o dá a dúró sí. Bí ìfóófòó yẹn bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ara wọn wá sókè, tètè fa èédú, má dúró wò ó.

Akin_Ṣakété

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ béèrè nǹkan. Sányán náà ṣẹ́dà ni, inú igbó ilẹ̀ wa ni kòkòrò rẹ̀ wà. Mo sì gbọ́ pé omi eérú ni wọ́n fi ń se ilé kòkòrò náà kí wọ́n tó ran án lówùú. Báwo ni eérú ò ṣe jẹ ìyẹn? Mo béèrè torí agbádá sányán bàbá àgbà mi wà lọ́wọ́ mi, mo sì fẹ́ sọ ọ́ di búlúù.

Tísà_Kẹ́míísì

Ìbéèrè àtàtà nìyí. Ohun méjì ló wà lára ṣẹ́dà bó ṣe ń jáde láti ara kòkòrò: fibroin tí í ṣe òwú fúnra rẹ̀, àti sericin, ohun tó ń lẹ̀ bí àtè tó so àwọn òwú náà pọ̀. Omi eérú ń tú sericin dànù, iṣẹ́ tí wọ́n fi ń sè é nìyẹn. Fibroin lágbára ju sericin lọ, ó lè fara da eérú tí kò le jù fún ìgbà díẹ̀. Sódà kọ́sítíìkì ò mọ ibi tó yẹ kó dúró ní tiẹ̀. Bó bá tú sericin tán, á kọjú sí òwú. Ṣẹ́dà tó ti di aṣọ kò sì ní sericin púpọ̀ lára mọ́ tó máa bo òwú. Ní ti sányán, Anaphe lorúkọ tí àwọn onímọ̀ fún kòkòrò náà, òun kọ́ ló ń hun ṣẹ́dà funfun tó ń wá láti Ṣáínà.

Ìyá_Aláró_Kétu

Akin, ọmọ mi, jọ̀ọ́, má pa sányán láró. Mo bẹ̀ ọ́. Àwọ̀ tí Ọlọ́run fún un yẹn ni iyì rẹ̀. Àwọn baba wa ní sányán ni baba aṣọ, àlàárì ni baba ẹ̀wù, wọn ò pa èyí tó jẹ́ ti ilẹ̀ láró. Àlàárì ló pupa, torí òwú ṣẹ́dà rẹ̀ ti pupa kó tó gba aṣálẹ̀ láti Tìrípólì kọjá wá. Bí o bá fẹ́ búlúù, ra òwú kí o wá sọ́dọ̀ mi, kí n pa á lẹ́tù fún ọ. Ohun tó ti di àtijọ́ bẹ́ẹ̀, òwú rẹ̀ ti rẹ̀, omi gbígbóná lè jẹ́ ìparí rẹ̀.

Akin_Ṣakété

Mo gbọ́, màmá. Mo ti gbà.

Ọmọ_Ònísábẹ

Ẹ kú àjọsọ o. Láti Sábẹ ni mo ti ń kọ̀wé. Ṣé dandan ni aró òyìnbó? Pòpórò ọkà bàbà tí àwọn ìyá Fúlàní fi ń sọ wàrà di pupa lágbègbè wa yìí ń mú ṣẹ́dà dáadáa. Wọ́n máa ń fi kánún sí ti wàrà kó lè jáde. Ẹ fi kánún sílẹ̀ ní ti ṣẹ́dà, bí sódà náà ló ṣe rí. Ẹ kàn sè é nínú omi títí tó fi pọ́n, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀ kí aṣọ tó wọ̀ ọ́. Pupa tó fà mọ́ àwọ̀ ilẹ̀ ló ń fúnni, kò jinlẹ̀ tó ohun tí Àṣàkẹ́ ń wá.

Èèpo àlùbọ́sà náà ń ṣiṣẹ́, àwọ̀ wúrà. Ẹ kọ́kọ́ rẹ aṣọ sínú omi álọ́ọ̀mù, giramu 10 sí 15 fún 100 giramu aṣọ, kí àwọ̀ lè di í mú. Obì ń fún wa ní àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣókùnkùn. Ata ilẹ̀ pupa tètè ń mú, àwọ̀ ìyeyè tó ń tàn, àmọ́ oòrùn á fọ̀ ọ́ lọ láìpẹ́. Mi ò ní fi í ṣe aṣọ òde fún ẹnikẹ́ni.

Sìkírá_Kútọ̀nù

Mo ti gbọ́ ti jafẹ́ẹ̀lì o, ẹ ṣeun. Bí Àṣàkẹ́ bá ń bẹ̀rù ojú epo yẹn, ṣé kò lè ṣe àdìrẹ sí i, kí ọnà bò ó?

Ìyá_Aláró_Kétu

Ó lè ṣe oníko. Kó fi ìko dì í pinpin, kó jẹ́ kí ojú epo bọ́ sí ibi tí kò dì, kí pupa lè mu ún. Ẹlẹ́kọ ni kò ṣeé ṣe nínú omi gbígbóná yìí. Ẹ̀kọ láfún tí a fi kọ ọnà á yọ́ kúrò kí aró tó mú, ọnà á dàrú. Àbẹ́là náà á yọ́, kò dé 85 rárá. Àfi ẹni tó bá ń rẹ ẹ́ sínú èlú tútù, ìyẹn náà a gbọ́dọ̀ jẹ́ kí omi eérú rẹ̀ fúyẹ́ ju ti òwú lọ, kí aṣọ tètè wọlé, kó tètè jáde, kí a sì fi omi tí a kán fínẹ́gà sí ṣan án kẹ́yìn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ìkòkò èlú, kó má fi ṣẹ́dà ìyá rẹ̀ kọ́ ọ.

Ní tèmi, Àṣàkẹ́, má kó ọnà sí i. Ìyá rẹ fẹ́ aṣọ yẹn ní gbalaja, jẹ́ kó wà ní gbalaja.

Àṣàkẹ́_Àjàṣẹ́

Gbalaja ni màá fi í sí, màmá. Ẹ̀gbọ́n télọ̀, aṣọ inú tó yọ́ yẹn ńkọ́? Ṣé kí n fi í sílẹ̀ lára bùbá nígbà tí mo bá ń pa á láró? Àti abẹ́ apá tó ti ṣá yẹn?

Télọ̀_Wàńdó

Tú u kúrò kí o tó rẹ ẹ́. Funfun ló máa wà, á sì máa yọjú lọ́rùn àti lọ́wọ́. Láti ojú rírán ni kí o ti tú u, fi abẹ kékeré gé òwú kọ̀ọ̀kan, má fà á, ṣẹ́dà àtijọ́ tètè ń ya. Yọ bọ́tìnì náà. Òwú tí wọ́n fi rán an lè jẹ́ pólísítà, yóò sì dúró funfun lójú pupa; wò ó bóyá o fẹ́ràn rẹ̀, bí o kò bá fẹ́, a ó tún un rán pẹ̀lú òwú tó bá àwọ̀ tuntun mu. Má tètè ra òwú náà, dúró kí aṣọ gbẹ, torí àwọ̀ ṣẹ́dà tútù máa ń jinlẹ̀ ju ti gbígbẹ lọ.

Ní ti abẹ́ apá, òógùn ló jẹ ẹ́. Di ibẹ̀ mú lọ́tùn-ún lósì, fà á díẹ̀. Bí òwú bá ń dún táá-táá, ibẹ̀ ò ní borí omi gbígbóná. Ìró ìyá wa á gùn ju ohun tí o nílò lọ, mo dá ọ lójú. Gé ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì méjì láti ìdí ìró, níbi tí ó máa ń kọ sínú, kí o sì jẹ́ kí wọ́n wọ inú ìkòkò kan náà pẹ̀lú bùbá àti ìró. Bí o bá pa wọ́n láró lọ́tọ̀ lẹ́yìn náà, àwọ̀ wọn ò ní bára mu láé, bó ti wù kí o wọ̀n aró náà tó. Nínú èyí tí o gé yẹn, mú ẹyọ bí ìka kan, kí o fi dán aró wò nínú kọ́ọ̀pù ṣáájú ọjọ́ tí o máa dáná gan-an. Jẹ́ kó gbẹ kí o tó pinnu.

Bí o bá ti ṣan án tán tí omi rẹ̀ mọ́, fi táwẹ̀ẹ̀lì ká a, tẹ̀ ẹ́, má fún un. Sá a sí ibòji. Lọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn nígbà tó ṣì ní ọ̀rinrin díẹ̀, kí irin má gbóná jù. Kí o wá kó gbogbo rẹ̀ wá fún mi, bùbá, ìró àti àwọn èyí tí o gé, pẹ̀lú aṣọ inú àtijọ́ yẹn kí n lè fi í gé òmíràn.